Láṣebìkan Tí Ó La Ọ̀nà Tí Ọmọ Ìyá Rẹ̀ Kò Lè Gbà

Òkè-kò-tẹ́rí-ba-fún-arúgbó ni awo ilé rẹ̀. Òkúta-kò-bèèrè-ìrora-ẹsẹ̀ ni awo òde rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n díá fún Láṣebìkan, olùlànà ìlú Òkè-Ìgbọ̀nlà, ní ọjọ́ tí ó fẹ́ fi ọ̀nà ọjà gbayì láwùjọ, tí ó sì ń fi ọmọ ìyá rẹ̀ pamọ́ bí ẹni ń fi egbò pamọ́ sábẹ́ ṣòkòtò.

Ẹ gbọ́ bí ó ti rí. Orí òkè ni ọjà ìlú náà wà. Ọ̀nà erùpẹ̀ kan ni ó lọ síbẹ̀, ó dagẹ̀rẹ́, ó ń yí òkè ká. Ní ọdún kan, òjò pọ̀, àgbàrá sì wọ́ ọ̀nà náà lọ. Ọba ránṣẹ́ pe Láṣebìkan, ó ní kí ó la òmíràn. Inú Láṣebìkan dùn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó fẹ́ iṣẹ́ tí gbogbo ayé yóò máa dúró wò, ó sì ń bẹ̀rù ẹ̀tẹ́. Ìyẹn ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn awo rẹ̀.

Wọ́n ní ire wà nínú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀tẹ́ lúgọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí ó rú àgbò, kí ó rú ẹyẹlé, pẹ̀lú epo àti oyin. Wọ́n ní ẹbọ náà ṣì ku apá kan. Kí ó tó fi òkúta kan lé èkejì, kí ó lọ pe ẹni tí ó ń fi pamọ́, kí àwọn méjèèjì jọ gba ojú ọ̀nà náà lọ ní ọ̀sán gangan, kí ó máa lọ bí onítọ̀hún bá ṣe ń lọ.

Láṣebìkan mọ ẹni tí wọ́n ń wí. Ọ̀jẹ́wùmí ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àrùn ti mú ẹsẹ̀ Ọ̀jẹ́wùmí láti kékeré. Ìdí ni ó fi ń wọ́, pákó méjì ni ó sì fi ń tẹ ilẹ̀ kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ má baà bó. Agbọ̀n ni ó ń hun tà lórí òkè. Nígbà tí ìyá wọn bá lọ sóko láyé àtijọ́, orí itan Ọ̀jẹ́wùmí ni Láṣebìkan ti ń jẹun, ibẹ̀ ni ó ti ń sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ènìyàn ńlá, ó kó lọ sí àdúgbò ààfin, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pé òun ní ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n bá pàdé, a kí i bí ẹni ń kí àlejò. Ọ̀jẹ́wùmí náà a sì dá a lóhùn bí àlejò.

Láṣebìkan rú àgbò. Ó rú ẹyẹlé, ó rú epo àti oyin. Apá tí ó kù ni kò rú. Ó ní, "Èmi, kí n máa wọ́ tẹ̀ lé arọ lójú àwọn ìjòyè? Ó tì o."

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gbẹ́ òkúta, ó tò ó ní àtẹ̀gùn gàgàrà láti ìsàlẹ̀ títí dé orí òkè. Ó gbẹ́ kòtò àgbàrá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò bò ó. Iṣẹ́ náà wuni lójú. Àwọn àlejò ń dúró wò ó, wọ́n ń mi orí. Láṣebìkan a máa gba ibẹ̀ kọjá láìní ohun tí ó ń wá, kí wọ́n lè rí i.

Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn kò bi aboyún pé ṣé ó ti rẹ̀ ẹ́. Àwọn aláàárù ń sọ ẹrù kalẹ̀ ní agbede méjì, orúnkún wọn ń gbọ̀n. Àwọn arúgbó gùn ún lẹ́ẹ̀kan, wọn kò padà wá mọ́. Ìyá Ọlọ́sẹ̀, afọ́jú tí ó ti ń fi ọ̀pá mọ ọ̀nà ọjà láti ìgbà èwe rẹ̀, ṣubú sínú kòtò, èjìká rẹ̀ sì yẹ̀.

Ní ti Ọ̀jẹ́wùmí, ó dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, ó gbójú sókè, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ níbẹ̀, ó to agbọ̀n rẹ̀ sí i. Kò sí ẹni tí ó rà á. Ẹni tí ń sọ̀ kalẹ̀ ti ra tirẹ̀ lókè, ẹni tí ń gòkè sì ń ṣọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Láṣebìkan rí i lókèèrè. Ó yà sí ẹ̀yìnkùlé onílé, ó gba ibòmíràn lọ.

Kò pẹ́, ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ọjà ìlú mìíràn tí ó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń ná. Ọba gbọ́. Ó gòkè lọ pẹ̀lú àwọn ìjòyè, ó jókòó, ó ní kí gbogbo ẹni tí ọ̀nà náà ń ni lára wá sọ tẹnu rẹ̀. Wọ́n kéde títí, ẹnikẹ́ni kò yọjú. Nígbà náà ni ọba wo ìsàlẹ̀.

Ó ní, "Ta ni ẹni tí ó jókòó ti agbọ̀n yẹn? Èé ṣe tí kò fi wá?"

Ìjòyè kan ní, "Kábíyèsí, arọ ni. Kò lè gùn ún."

Ọba ní, "Kò ha ní ẹbí ni? Kí ọmọ ìyá rẹ̀ gbé e wá."

Ẹ̀gbẹ́ ọba gan-an ni Láṣebìkan dúró sí. Ọ̀jẹ́wùmí gbé ojú sókè, ojú àwọn méjèèjì sì ṣe mẹ́rin. Láṣebìkan yí ojú kúrò, ó ń tún etí agbádá rẹ̀ ṣe.

Ọ̀jẹ́wùmí ké láti ìsàlẹ̀, ó ní, "Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. N kò ní ẹbí ní ìtòsí."

Oníṣu kan tí ó ti ìlú mìíràn wá ni ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, tí ó pọ̀n ọ́n gòkè. Lójú ọ̀nà, pákó Ọ̀jẹ́wùmí bọ́ sínú kòtò. Ọba bi í pé báwo ni ọ̀nà náà ti rí. Ó ní, "Ọ̀nà náà dára, Kábíyèsí. Àwa ni kò lè gbà á." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbá jẹ́ pé ó gbé Láṣebìkan ṣépè, ìbá sàn fún un. Ìtìjú mú Láṣebìkan bí ibà.

Ó padà tọ àwọn awo rẹ̀ lọ. Wọn kò tilẹ̀ na ọwọ́ kan ohun èlò wọn. Wọ́n ní, "Ẹbọ tí o kò rú ṣì wà nílẹ̀, ó ń dúró dè ọ́. Kò sí òmíràn."

Láṣebìkan bọ́ sínú kòtò pẹ̀lú agbádá lọ́rùn, ó wá pákó náà rí nínú ẹrẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó sì gbé e lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo sẹ́ yín lójú gbogbo ayé."

Ọ̀jẹ́wùmí wò ó. Ó ní, "Dìde. Ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ ni mo ń wá. Ọjà ni mo fẹ́ lọ."

Wọ́n jáde ní ọ̀sán gangan. Láṣebìkan jókòó sínú erùpẹ̀, ó ń fi ìdí wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ojú ọ̀nà àtijọ́ tí àgbàrá bà jẹ́. Àwọn ènìyàn jáde wò ó. Obìnrin kan pariwo, ó ní, "Yéè! Ta ló ṣe irú èyí sí Láṣebìkan?"

Ó dá a lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi rèé. Ìyá kan náà ló bí wa. Èmi ni mo ń fi wọ́n pamọ́." Ọwọ́ rẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ jáde. Ibi tí apá rẹ̀ kò bá ti gbé e mọ́, ó fi òkúta sàmì síbẹ̀, títí wọ́n fi dé orí òkè.

Àwọn àmì wọ̀nyí ni ó fi la ọ̀nà tuntun. Ó hú ìdajì àtẹ̀gùn, ó fi ọ̀nà tí ó dagẹ̀rẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí ó gba ojú ọ̀nà àtijọ́, rọ́pò rẹ̀. Ó ṣe ibi ìsinmi síbi tí ó ti fi òkúta sàmì sí. Ó ri igi ìdìmú mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó sì fi pẹpẹ òkúta bo kòtò. Ọjà kún padà. Ọba fi í jẹ oyè, ilé rẹ̀ sì kún fún ọmọ àti ire. Ọ̀jẹ́wùmí ń fúnra rẹ̀ gòkè lọ ta agbọ̀n.

Ṣùgbọ́n èjìká Ìyá Ọlọ́sẹ̀ kò padà sípò mọ́. Bí ó bá ń gòkè, Láṣebìkan a dìde kí i pẹ̀lú oyè rẹ̀ lọ́rùn. Ìyá náà a ní, "Ta nìyẹn?" A dáhùn pé, "Èmi ni, ìyá. Èmi tí mo gbẹ́ kòtò." Lẹ́yìn náà a tẹrí mọ́lẹ̀ títí ìró ọ̀pá rẹ̀ yóò fi kọjá lọ.

Àwọn awo ní àgbò nìkan kọ́ ni ẹbọ, ìmọ̀ràn gan-an ẹbọ ni. Ẹni tí ó bá gbọ́ tí ó rú u pé, ire yóò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Ẹbọ tí ó pẹ́ kí a tó rú a máa fín, ṣùgbọ́n ohun tí ó ti bàjẹ́ kí ẹbọ náà tó dé, kì í bá a padà wá.