Ìdí Tí Agẹmọ Kì í Fi Í Kánjú Gbẹ́sẹ̀

Nígbà láéláé, Agẹmọ ló yára jù nínú gbogbo ẹranko. Bó bá gbéra lówùúrọ̀, á ti dé oko kí ìrì tó gbẹ, á sì máa fi àwọn tó kù lẹ́yìn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ọdún kan, ọ̀dá lé àwọn ẹranko kúrò lórí òkè. Wọ́n fẹ́ lọ tẹ̀dó sí àfonífojì odò ńlá kan, níbi tí àwọn ará ìgbàanì ti gbé rí kí wọ́n tó kó lọ. Àṣà wọn ni pé a kì í kọ́lé sí ahoro láìjẹ́ pé ẹnìkan ti lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀, kó fara balẹ̀ wo gbogbo ohun tí àwọn onílé fi sílẹ̀, kó lè mọ ohun tó lé wọn lọ. Ẹfọ̀n, olórí wọn, rán Agẹmọ, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún un. Ẹ gbọ́ ná, oòrùn ọjọ́ kìíní kò tíì wọ̀ tó fi padà dé.

Ó ní òun kò rí nǹkan kan ju àpáàdì àti ògiri wíwó lọ. Ìyá Òkété, opó ọlọ́mọ márùn-ún, bi í bóyá ó dé ìdí àpáta ńlá tí wọ́n ń wò láti orí òkè, tó wà láàrin ahoro náà. Agẹmọ rẹ́rìn-ín.

"Mo débẹ̀, ìyá. Wọ́n gbẹ́ ẹja kan sí i lára, níbi tó ga ju òrùlé ilé lọ. Eré ọmọdé ni. Ẹ lọ gbẹ́ ihò yín sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ dáadáa."

Ìyá Òkété gbà á gbọ́. Ó gbẹ́ ihò rẹ̀ síbẹ̀, ó sì kó ẹ̀kùrọ́ kún un fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí òjò dé, odò kún. Ó wọ ahoro, kò sì dúró títí ó fi dé ibi tí ẹja náà wà lára àpáta. Ìyá Òkété rí ọmọ mẹ́rin kó jáde. Àbígbẹ̀yìn bá omi lọ.

Nígbà tí omi fà, gbogbo ẹranko rò pé Ìyá Òkété yóò bú Agẹmọ. Kò bú u. Ó fà á lọ́wọ́ dé iwájú àpáta, lójú gbogbo ẹranko.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, sọ fún mi. Kí ni ẹja yìí ń wí?"

Agẹmọ ti mọ̀ ọ́n wàyí. Àwọn ará ìgbàanì ló gbẹ́ ẹ síbẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ibi tí omi ń dé. Ojú ara rẹ̀ ló fi rí i, kò kàn dúró rò ó ni. Ikú yá ju ẹ̀sín. Ara rẹ̀ dúdú, ó pọ́n, ó wá dà bí ewé tó wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun mọ́. Ó fẹ́ sá lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á láti gbé e kalẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Agẹmọ ti ń mi ẹsẹ̀ síwá sẹ́yìn kó tó fi tẹ ilẹ̀, tí ojú rẹ̀ kan ń wo iwájú, tí èkejì ń wo ẹ̀yìn. Bí a bá tẹjú mọ́ ọn, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà. Ẹ má pè é ní ẹlẹ́tàn, ẹ̀yin ọmọ, ojú ló ń tì í. Títí di òní, kò tíì lè dá Ìyá Òkété lóhùn.