Ọkùnrin Tó Tún Úùdù Bàbá Rẹ̀ Ṣe

Ọkùnrin kan wà ní Ìlọrin tí bàbá rẹ̀ fi úùdù sílẹ̀ fún, ìyẹn dùùrù olókùn tí àwọn Lárúbáwá máa ń ta. Láyé tí wọ́n ń gba ilẹ̀ Sùdáánì lọ sí Mẹ́kà ni bàbá náà ti mú un bọ̀. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, yóò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò máa ta á. Ìyàwó rẹ̀ á dáwọ́ òfì tó ń hun dúró, á fẹ̀yìn ti ògiri, á máa gbọ́.

Bàbá kú. Úùdù wà lórí àjà títí pákó ojú rẹ̀ fi là. Nígbà tí ìyá darúgbó, tí kò lè jáde mọ́, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Ó wù mí kí n tún gbọ́ ohùn yẹn kí n tó lọ."

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ọmọ náà, bàbá rẹ̀ sì ti kọ́ ọ ní úùdù títa. Ó wo pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ojú úùdù. Ó ti dúdú, ó ti là, ọwọ́ bàbá sì ti jẹ ibì kan lára rẹ̀. Ó ṣí i kúrò, ó fi pákó tuntun tó nípọn rọ́pò rẹ̀, ó kùn ún títí ó fi ń dán. Ó gbé e dé iwájú ìyá, ó ta á.

Ìyá tẹ́tí sílẹ̀. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n n ò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí."

Ọmọ náà padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó tú pákó tó ti dà nù wò, ó rí ti àtijọ́ láàárín èyí tí wọ́n fẹ́ fi dáná. Ó lẹ ibi tó là, kò fá dúdú ara rẹ̀, ó dá a padà sí àyè rẹ̀.

Nígbà tó tún ta á, ohùn náà há díẹ̀. Ìyá di etí aṣọ rẹ̀ mú. "Ẹ káàbọ̀, Àlàájì," ó ní. "Ẹ mà pẹ́ o."

Ìwọ tí mo ń sọ ìtàn yìí fún, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ́ ṣe olórí ẹbí ni, o sì ń tún ilé ẹbí ṣe. Ó dára, òrùlé ti ń jò tipẹ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé o ní kí àwọn ìyá arúgbó tó wà ní yàrá ẹ̀yìn lọ gba ilé síta. Bí wọ́n bá lọ, ta ni yóò máa fi oríkì ki àwọn ọmọ rẹ láàárọ̀? Dìde, lọ bá wọn. Wọ́n ti ń di ẹrù.