Kóòṣì Gbọ́, Kò Dá Ọmọ Náà Dúró

Ọkùnrin kan wà tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé girama ní eré sísá. Kóòṣì ni gbogbo ìlú ń pè é, débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Láàárín ọdún mọ́kàndínlógún, ìgbà mẹ́rìnlá ni àwọn ọmọ rẹ̀ gba ife-ẹ̀yẹ ìpínlẹ̀. Àwọn òbí ń ti ọ̀nà jíjìn mú ọmọ wá fún un.

Kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ó máa ń dé pápá ṣáájú àwọn ọmọ, á ṣa òkúta kúrò níbi tí wọn ó ti sáré. Ó mọ èyí tí kò jẹun wá nínú wọn, á sì wá nǹkan fún un.

Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó yára tó Adúnọlá. Ní ọdún kan, nígbà tí ìdíje àṣekágbá ku ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ yìí wá bá a, ó ní ẹ̀yìn gìgísẹ̀ òun ń dun òun, pé láràárọ̀ òun kì í lè tẹ ẹsẹ̀ náà nílẹ̀ dáadáa. Kóòṣì bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀. Ó ti wú. Ó mọ ohun tí irú rẹ̀ máa ń dà. Ṣùgbọ́n gómìnà ń bọ̀ wá wòran, ọdún mẹ́rin tó tẹ̀lé ara wọn sì ni wọ́n ti gba ife náà. Ó fi òróró ra ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó fi aṣọ dì í.

Ó ní, "Sá eléyìí fún mi. Lẹ́yìn ẹ̀, wàá sinmi títí tó fi máa sú ẹ."

Ọmọ náà ní, "Ó dáa, sà."

Lọ́jọ́ ìdíje náà, Adúnọlá ló gba ọ̀pá kẹ́yìn nínú àwọn mẹ́rin tó ń sáré fún ilé-ìwé wọn. Ẹni méjì wà níwájú rẹ̀, ó kọjá àwọn méjèèjì. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló kù kó dé ìlà tí iṣan ẹsẹ̀ náà fi já. Ó ṣubú sọdá ìlà. Àwọn ènìyàn gbé Kóòṣì sí èjìká, láti orí èjìká wọn ló ti rí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń gbé ọmọ náà jáde. Adúnọlá kò sáré mọ́ láyé rẹ̀. Kóòṣì lọ kí i lẹ́ẹ̀kan ní ọsibítù. Ojú tì í láti lọ lẹ́ẹ̀kejì.

Ó tó ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn náà kí wọ́n tó fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ pe pápá ilé-ìwé. Wọ́n ní kó kọ orúkọ àwọn ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n pè wá síbi ayẹyẹ náà. Èyí tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á láti kọ. Ó wọkọ̀ lọ sí ìlú tí Adúnọlá ti ń ṣe tíṣà.

Obìnrin náà tiro jáde wá pàdé rẹ̀, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó bu omi fún un. Kóòṣì bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò mọ̀ nígbà náà pé ó le tó bẹ́ẹ̀.

Adúnọlá ní, "Ẹ mọ̀, sà. Ojú yín ni mò ń wò nígbà tí ẹ tẹ ibẹ̀. Ẹsẹ̀ ti jinná tipẹ́. Ohun tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi ni pé mo sọ fún yín, ẹ sì gbọ́."

Kóòṣì dìde láti máa lọ. Obìnrin náà sìn ín dé gáráàjì, ó ní òun ò ní lè wá síbi ayẹyẹ náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí pápá, wọ́n ka ife mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un, kò lè sọ ju ẹ ṣé lọ. Àwọn ènìyàn ní ayọ̀ ló pọ̀ lápọ̀jù fún un.

Ẹ̀yin tí wọ́n fi ọmọ ẹlòmíràn sí lọ́wọ́, ẹ̀yin ọ̀gá níbi iṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ní aya tàbí ọkọ nílé, ẹ fetí sí mi. Mo mọ̀ pé láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, ẹnì kan ti sọ fún ẹnì kan nínú yín pé nǹkan ń dun òun, ẹ sì ní kó fara dà á díẹ̀ sí i. Ẹ ti gbọ́. Ẹ padà lọ bá a lónìí, nígbà tí ó ṣì lè tẹ ẹsẹ̀ nílẹ̀.