Ọkọ̀ Òfìfo Òkè-Amọ̀

Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá ń sọ ní Òkè-Amọ̀ pé bí òun bá gbéyàwó, ohùn òun kò ní í ròkè nínú ilé láéláé, àwọn àgbà kì í bá a jiyàn. Wọn á kàn ní, "Ọkọ̀ òfìfo ló dọ́gba, ẹ jẹ́ kẹ́rù dé." Àlejò á wo ọ̀tún, á wo òsì, kò ní í rí ọkọ̀ kankan. Kí ló kan ọkọ̀ níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìyàwó? Ẹ fara balẹ̀, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà wọ̀lú rèé.

Ajílẹ́yẹ ló ni ọkọ̀. Píkọ́ọ̀pù ni, ó ga fíofío bí ẹṣin baálẹ̀, òun ló sì fi ń kó ìkòkò àwọn ìyá amọ̀kòkò lọ sọ́jà Erinjo ní ọrọọrún. Àmọ́ àwọn ìyá náà ti ń dàgbà. Kí wọ́n tó gbé ìkòkò aró dé ẹ̀yìn ọkọ̀, ọrùn á ti fẹ́ẹ̀ wọnú àyà. Ni Yèyé Ẹfúnyẹmí, olórí wọn, bá ní kó wá nǹkan ṣe sí gíga ọkọ̀ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á lọ bá ọlọ́kọ̀ Ìsàlẹ̀, tí tiẹ̀ kò ga.

Iṣẹ́ ìkòkò yìí ni Ajílẹ́yẹ fi ń jẹun. Wéré, ó gbọ̀nà alágbẹ̀dẹ lọ. Bàbá Ògúntúyì ń rọ ọkọ́, ó ń rọ àdá, ó sì mọ síprínǹgì ọkọ̀ bí ẹni mọ ìka ọwọ́ ara rẹ̀. Ó yọ lára àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra lábẹ́ ọkọ̀, ó yọ níwájú, ó yọ lẹ́yìn, ọkọ̀ sì wálẹ̀.

Ajílẹ́yẹ bẹ̀rẹ̀, ó di ojú kan, ó fi ọ̀kan wò ó. Ẹ̀yìn fi ìka mẹ́rin ga ju iwájú lọ.

"Bàbá, kò dọ́gba."

"Mo mọ̀. Lọ kó ìkòkò sí i ná, kí o wá gbé e wá kí n wò ó."

Ajílẹ́yẹ rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ló ń di ẹrù lé ẹni tí télọ̀ fẹ́ wọ̀n lórí? Bàbá ní ọkọ̀ kì í ṣe ọmọge, iṣẹ́ ló wà fún. Ajílẹ́yẹ kò gbà, kò gbà títí bàbá fi yọ irin kan sí i lẹ́yìn. Ajílẹ́yẹ wá bu omi kún abọ́ dẹ́múdẹ́mú, ó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Omi kò dà síwájú, kò dà sẹ́yìn. Ó pe gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ìyá oníyọ̀ tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ pàápàá, ó ní dandan ni kó wá wo omi.

Lọ́jọ́ ọjà, àwọn ìyá to ìkòkò mẹ́rìnlélógún sí i láìnàgà, wọ́n ń súre fún un. Bí ìkòkò ṣe ń wọlé ni ìdí ọkọ̀ ń jókòó. Nígbà tó máa fi gbéra, imú rẹ̀ ti ga bí ti ajá tó gbóòórùn ẹran lórí àjà. Nígbà tó ń gun òkè, sítíárì fúyẹ́ lọ́wọ́ Ajílẹ́yẹ bí ẹni di abẹ̀bẹ̀ mú. Ó ń yí i, táyà iwájú kò fẹ́ gbọ́. Àwọn ìkòkò ń yọ̀ bọ̀ sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kí ara wọn, gbàú, gbàú. Mẹ́sàn-án fọ́. Márùn-ún nínú wọn, ti Yèyé Ẹfúnyẹmí ni.

Yèyé kò pariwo. Ó ṣa àpáàdì kan, ó yí i wò lọ́wọ́.

"Ajílẹ́yẹ ọmọ mi, abọ́ omi rẹ ńkọ́? Kò fọ́?"

Ó ní ọjà kan ló kù fún un. Bí ẹyọ kan bá tún fọ́, ó di ọwọ́ ọlọ́kọ̀ Ìsàlẹ̀.

Ajílẹ́yẹ lọ dọ̀bálẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ. Bàbá ní ohun tí òun wí náà ni òun ṣì ń wí: kó gbẹ́rù wá. Àmọ́ ta ni yóò tún fi ìkòkò rẹ̀ dán an wò? Àwọn ìyá kọ̀ jálẹ̀. Yèyé rò ó títí, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó ní ara àwọn kì í kúkú fọ́. Bí àwọn ìyá mẹ́jọ ṣe ń gun ẹ̀yìn ọkọ̀ nìyẹn. Bàbá béèrè bóyá wọ́n wúwo tó ìkòkò. Ìyá Oyínlọ́lá, tó ń gùn kẹ́yìn, ní ti òun kò ju ìkòkò ọbẹ̀ méjì lọ. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kejì wọlé, ọkọ̀ rì sísàlẹ̀, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá wò ó, ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀, ó dá irin padà sẹ́yìn, ó tún ní kí wọ́n gùn ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gùn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sọ̀, kí iwájú àti ẹ̀yìn tó dọ́gba pẹ̀lú gbogbo wọn lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà, ìkòkò mẹ́rìnlélógún gbéra, ìkòkò mẹ́rìnlélógún dé.

Àmọ́ nígbà tí wọ́n já ẹrù tán, ìdí ọkọ̀ ga sókè, imú rẹ̀ dorí kodò bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo. Àwọn awakọ̀ Erinjo bi Ajílẹ́yẹ léèrè ohun tí ọkọ̀ rẹ̀ ń wá nílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn fi tirẹ̀ hàn án, tó tẹ́jú bí ẹní, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ajílẹ́yẹ fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bá lẹ́nu ara rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ọkọ̀ òfìfo ló dọ́gba, ẹ jẹ́ kẹ́rù dé."

Àwọn ìyá ló gbé ọ̀rọ̀ náà wálé, kò sì tíì kúrò lẹ́nu ará Òkè-Amọ̀. Ẹni tí kò tíì ru nǹkan kan, kí ni yóò mú un tẹ̀? Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí ẹni tí kò jẹ baálé rí ń kọ́ ọba bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìlú, ẹ má bá a jà. Ọkọ̀ òfìfo ló dọ́gba. Ẹ jẹ́ kẹ́rù dé.