Àyọ̀ká àti Irin Olóyè Lágbàyí

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn bí Àyọ̀ká, obìnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ṣe pa Olóyè Lágbàyí lẹ́nu mọ́. Olóyè yìí, olórí ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́, ló ń ta irin tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ bí wọ́n bá fẹ́ tún un ṣe, ó sì pàṣẹ pé dandan ni kí Àyọ̀ká ra ọ̀kan, àfi tó bá lè ṣe èyí tó lágbára ju tòun lọ láìná kọ́bọ̀, kí oòrùn tó wọ̀. Àyọ̀ká mú àdá, ó gé igi líle méjì tí orí wọn pín sí méjì, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ dé orúnkún, ó gbé kẹ̀kẹ́ há ibi tí wọ́n ti pín, táyà méjèèjì kò kanlẹ̀ mọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Olóyè kó ẹgbẹ́ rẹ̀ dé, ó gbé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ kọ́ sórí irin. "Igi ìdáná lo rì mọ́lẹ̀ yìí," ó ní. Àyọ̀ká kúnlẹ̀ kí i. "Olóyè, nílẹ̀ wa, ẹni tó gbé ẹmu wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ orí irin yín, kí ẹ wà á díẹ̀." Olóyè wo ẹsẹ̀ irin tó rí tín-ín-rín, ó wo ikùn ara rẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Àyọ̀ká gun tirẹ̀, ó wà á títí táyà ẹ̀yìn fi ń kùn bí oyin, igi kò mì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ sán, ó kọjú sí irin Olóyè. "Nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn yín, ẹ jẹ́ kí n bá yín gun tiyín." Olóyè sáré dí i lọ́nà. "Má gùn ún," ó ní, "yóò ṣẹ́." Àyọ̀ká yíjú sí ẹgbẹ́. "Ẹ̀yin bàbá mi, èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Ẹni tó ń tà á ló wí."