Èsúró Tó Sáré Kọjá Ègbè

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀ kọjá pápá, ó balẹ̀ sórí Èsúró ẹlẹ́sẹ̀ ẹ̀fúùfù.

Láyé ìgbà náà, orin ni àwọn ẹranko fi ń sáré ọ̀nà jíjìn. Ọ̀kan á dá a, àwọn yòókù á gbè é. Bí ohùn ẹnì kan bá já, gbogbo wọn á dúró, wọ́n á fún un lómi mu.

Lọ́jọ́ eré kan, Èsúró ló ṣáájú, wọ́n sì dé odò kìíní. Ehoro ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká mumi."

Èsúró ní, "Ọ̀lẹ ní í mumi lójú eré!"

Ní odò kejì, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ní odò kẹta, kò gbóhùn ẹnikẹ́ni mọ́, inú rẹ̀ sì dùn.

Lórí òkè ni òòyì ti dé. Ilẹ̀ ń yí, igi ń jó, ojú rẹ̀ ṣú. Ó dárin:

"Òòyì ń kọ́ mi o!"

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má gbè é! Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

"Ẹ dì mí mú o!"

Afẹ́fẹ́ lásán.

"Èmi nìkan ni o!"

Nígbà tí Ehoro fi bá a nílẹ̀, tó ń kán omi sí i lẹ́nu, Èsúró ń dárin wúyẹ́wúyẹ́, ó sì ń gbè é fúnra rẹ̀.

Títí dòní, bí Èsúró bá sáré díẹ̀, á dúró, á bojú wẹ̀yìn. Ègbè ló ń retí.

Ó yá, ẹ gbè é wàyí.