Ìdọ̀bálẹ̀ Ọgọ́ta Ọba

Ẹ jókòó dáadáa kí ẹ má baà fi ẹ̀rín ṣubú. Ọ̀gá kan wà nílẹ̀ òyìnbó tó ń dán àwọn àlejò wò kí wọ́n tó di ọmọ ìlú. Ikùn rẹ̀ a dé ọ́fíìsì láago mẹ́jọ, òun fúnra rẹ̀ a dé láago mẹ́sàn-án. Ó ní kí Ìyá Mojírádé, ará Ìlá, ka orúkọ ọgọ́ta ọba tó ti jẹ nílẹ̀ òyìnbó náà, bí kò bá lè kà á, kó fi àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, kó padà sílé. Oṣù mẹ́ta ni màmá fi kàwé, orúkọ ọba mẹ́ta péré ló dúró sí i lórí. Lọ́jọ́ ìdánwò, màmá ní, "Ó rọrùn, ọ̀gá mi, ṣùgbọ́n nílé wa, a kì í dárúkọ ọba lórí ìjókòó. Èmi á kúnlẹ̀, ẹ̀yin ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀." Ọ̀gá kọ̀. Màmá kígbe sí àwọn tó ń dúró lẹ́yìn: "Ẹ wá wò ó o, ọ̀gá ò bọ̀wọ̀ fún ọba!" Kíá, ọ̀gá ti dọ̀bálẹ̀. Màmá dárúkọ èkíní, ilé mì tìtì. "Ẹ dìde, ó ku èkejì." Ọ̀gá dìde, ó tún lulẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ já, ó fò gba ojú fèrèsé lọ sí ìlú kejì. "Ẹ dìde, ọ̀gá mi, ó ku mẹ́tàdínlọ́gọ́ta." Ọ̀gá pariwo láti ilẹ̀: "Màmá, ó tó! Ẹ mọ̀ wọ́n! Ẹ bá mi mú òǹtẹ̀ yẹn!" Màmá gbé e fún un, ó sì bá a di ìwé mú kó má baà mì.